Iṣẹ́ Wo Ni Àwítúnwí Ń Ṣe?

Ẹnikẹ́ni tó bá ti wọ dánfó lÉkòó láti Dópẹ̀mú gba Akówónjọ lọ sí Ṣáṣá mọ iṣẹ́ tí "Ó wà o!" ń ṣe. Ẹnu èrò ló ti ń jáde, nígbà míràn ẹnu kọ̀ńdọ́. Dírẹ́bà á gbọ́, á tẹ búrékì. Kò sẹ́ni tó ń béèrè pé kí ló wà. Wàyí o, ẹ jẹ́ ká mú ọmọkùnrin ọlọ́dún 14 kan tó ní ọ́tísímù, tó ń gbé ládùúgbò yẹn. Ìyá rẹ̀ ń bu ìrẹsì sí i láwo, ó ní, "Ó wà o!" Wọ́n ń gẹ irun rẹ̀, "Ó wà o!" Àbúrò rẹ̀ yí ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè, "Ó wà o! Ó wà o!" Àlejò á rẹ́rìn-ín pé kọ̀ńdọ́ lọmọ yìí máa dà. Bàbá á jágbe mọ́ ọn pé kó dákẹ́. Bẹ́ẹ̀, ohun tí ọmọ náà ń sọ kò fara sin: ó tó, ẹ dúró. Ó ti kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ kan wà láyé tó máa ń dá ohun tó ń lọ dúró, ó sì mú ọ̀rọ̀ náà wálé.

Àpẹẹrẹ lásán ni mo fi ọmọ yìí ṣe, n ò tọ́ka sí ẹnì kankan. Ṣùgbọ́n òbí tó bá ní irú rẹ̀ nílé á ti mọ ẹni tí mò ń sọ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí máa ń kọ́kọ́ bẹ tẹ́rápísìtì ọ̀rọ̀ sísọ fún ni pé kó bá wọn lé àwítúnwí náà lọ, ìyẹn ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn tí ọmọ ń gbọ́ tó sì ń wí. Mi ò bá wọn wí. Ó ń rẹni, ó sì ń tini lójú, pàápàá bí ohùn ọmọ bá ti wá ki, tó ti ga ju ìyá rẹ̀ lọ, tí kì í ṣe ọmọ kékeré tí gbogbo èèyàn ń wò bí eré mọ́. Àmọ́ ẹni tó bá pa ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ ọmọ lẹ́nu láìfún un ní òmíràn ti gba irinṣẹ́ kan ṣoṣo tó ní lọ́wọ́ rẹ̀. Kí á kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà ń ṣe, kí á wá fún ọmọ ní ọ̀rọ̀ tó lè ṣe iṣẹ́ kan náà lọ́nà tí àwọn ẹlòmíràn á fi gbọ́ ọ yé. Bí tuntun bá ti ń ṣiṣẹ́, àtijọ́ á máa dín kù fúnra rẹ̀.

Kì í ṣe òní lọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Leo Kanner, dókítà ọpọlọ àwọn ọmọdé ní ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní Baltimore, kọ ní 1943 nípa ọmọ 11 tí ìwà wọn jọra, ó sì wà lára ohun tó ṣàkíyèsí pé wọ́n máa ń wí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn tẹ̀lé e bó ṣe rí gẹ́lẹ́. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó sọ nípa ọmọkùnrin kan tó jẹ́ pé nígbàkígbà tó bá ti ń ṣe é bíi kó ju nǹkan, á máa kìlọ̀ fún ara rẹ̀ pé kó má ju ajá sílẹ̀ láti orí bàkóónì. Kò sí ajá níbẹ̀, kò sí bàkóónì. Ìgbà tí Kanner wádìí lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ló tó yé e: wọ́n ti wà ní hòtẹ́ẹ̀lì kan nílùú Ọba rí, ọmọ náà ń ju ajá ìṣeré rẹ̀ sílẹ̀ ṣáá, ọ̀rọ̀ yẹn ni ìyá rẹ̀ sì fi dá a lẹ́kun. Láti ọjọ́ náà ló ti di ìkìlọ̀ fún un nípa ohun gbogbo tí èèyàn lè jù. Ẹni tí kò sí ní hòtẹ́ẹ̀lì yẹn á ní ìsọkúsọ ni. Ìyá nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́.

Pẹ̀lú ohun tí Kanner rí yìí náà, ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn oníṣègùn fi ń wo àwítúnwí bí ìdọ̀tí tó yẹ kí wọ́n gbá dànù. Barry Prizant àti Judith Duchan ni wọ́n wá jókòó ti àwọn ọmọ mẹ́rin ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ya wọ́n ní fídíò, tí wọ́n sì yẹ àwítúnwí 1,009 wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1981, iṣẹ́ méje ni wọ́n rí tí àwítúnwí ojú ẹsẹ̀, èyí tó ń jáde kété tí ọmọ bá gbọ́ ọ̀rọ̀, ń ṣe. Òmíràn ni "bẹ́ẹ̀ ni". Òmíràn ni "fún mi". Òmíràn kàn wà láti má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ó kú sílẹ̀, nítorí ọmọ náà mọ̀ pé ó kan òun láti fèsì, kò kàn rí èsì ni. Òmíràn sì wà tí ọmọ fi ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ má bàa dà rú. Nígbà tí Prizant àti Patrick Rydell yẹ irú èyí tó ń pẹ́ kó tó jáde wò ní 1984, bíi ti bàkóónì, bíi ti "Ó wà o", iṣẹ́ 14 ni wọ́n kà.

Síbẹ̀, ìwádìí tí mo fẹ́ràn jù lórí ọ̀rọ̀ yìí ti wà ṣáájú tiwọn. Ní 1975, Edward Carr, Laura Schreibman àti Ivar Lovaas fi hàn pé àwọn ọmọ wọ̀nyí kì í wí gbogbo ìbéèrè tẹ̀lé olùbéèrè. Èyí tí wọ́n bá mọ ìdáhùn rẹ̀, wọ́n á dáhùn. Èyí tí kò bá yé wọn ni wọ́n máa ń dá padà fún ẹni tó bi wọ́n. Ní 1978, Schreibman àti Carr wá kọ́ àwọn ọmọ kan ní èsì kan ṣoṣo, pé bí ìbéèrè ò bá yé wọn kí wọ́n sọ pé àwọn ò mọ̀. Àwítúnwí wọn sí àwọn ìbéèrè lọ sílẹ̀, kódà lórí ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni ò bá wọn fi kọ́ra.

Ẹ wo bí nǹkan yìí ṣe kéré tó! "Mi ò mọ̀." Àmọ́ ẹ tún wo bó ṣe ṣọ̀wọ́n tó lẹ́nu ọmọ nílẹ̀ wa. Ọmọ tó bá sọ fún tíṣà pé òun ò mọ̀, tíṣà á ní kó dúró lórí àga. Ọmọ tó bá sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀, ó di aláìgbọràn. Láàárín ìyẹn, ọ̀nà tí a fi ń kọ́ni ní ọ̀pọ̀ kíláàsì wa, "ẹ wí i tẹ̀lé mi", àwítúnwí pọ́ńbélé ni, a sì ń pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó bá wí i dáadáa. Ọmọ tó ní ọ́tísímù kàn ń ṣe ohun tí kíláàsì kọ́ ọ ni, ó wá ń ṣe é lákòókò tí a ò fẹ́. Bí mo bá ní kí òbí kan mú ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo èyí, "mi ò mọ̀" ni mo máa ní kó mú. Kí gbogbo ilé kọ́kọ́ máa sọ ọ́ síta létí ọmọ. Àǹtí á bi bàbá pé, "Ibo ni kọ́kọ́rọ́ wà?" bàbá á ní, "Mi ò mọ̀," láìfi ìtìjú kankan sí i. Lẹ́yìn náà kí ẹnì kan bi ọmọ ní ohun tó dájú pé kò mọ̀, kí ẹlòmíràn tó jókòó tì í bá a dáhùn wúyẹ́wúyẹ́, "Mi ò mọ̀," kí wọ́n sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Ẹ má fìyà jẹ èsì yẹn láé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ náà mọ̀.

Ìṣòro kan wà tí ìwé òyìnbó ò lè bá wa tú délẹ̀, nítorí ilé Yorùbá ló ti ń le. Ọmọ tó ń wí ọ̀rọ̀ bó ṣe gbọ́ ọ máa ń wí i pẹ̀lú arọ́pò orúkọ tó bá a wá. Ìyá á bi í pé, "Ṣé o fẹ́ jẹun?" oúnjẹ á tẹ̀lé e. Lọ́jọ́ kejì, bí ebi bá ń pa ọmọ, á lọ bá ìyá rẹ̀, á ní, "Ṣé o fẹ́ jẹun?" Ẹni tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì á rò pé ọmọ náà dàrú mọ́ "èmi" àti "ìwọ" lọ́wọ́. Tiwa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ ọlọ́dún 15 ló ń pe ìyá rẹ̀ ní "o" yẹn. Bó bá wá jẹ́ ìyá àgbà tó ti Òṣogbo wá kí wọn ló lọ bá, ilé dàrú nìyẹn: "Èmi lò ń bá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?" Ebi ń pa ọmọ, wọ́n ń bá a wí lórí àìlẹ́kọ̀ọ́, kò sì mọ ohun tí òun ṣe.

Ẹnu àgbà ni àtúnṣe rẹ̀ ti máa bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó ń gbé ọ̀rọ̀ lódindi, bí ẹ bá fi ìbéèrè bọ́ ọ, ìbéèrè lẹ máa gbà padà. Nítorí náà, ẹ dín ìbéèrè kù, kí ẹ sì máa sọ ohun tí ẹ bá fẹ́ kó sọ, bí ẹni pé ẹnu tirẹ̀ ló ti ń jáde. Ó ń wo ìkòkò, ẹ jókòó tì í, ẹ ní, "Mo fẹ́ jẹun." Ẹ dákẹ́. Bó bá wí i tẹ̀lé yín, àwítúnwí ni lóòótọ́, àmọ́ àwítúnwí tó wúlò ni, tó tọ̀nà ní arọ́pò orúkọ, tí ìyá àgbà ò sì ní bínú sí. Bó bá ti ń wá fúnra rẹ̀, ẹ fi kún un: "Mo fẹ́ jẹun, mà." Lẹ́yìn náà, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní omi." Ní ti "o" àti "ẹ", ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé kí á kọ́kọ́ kọ́ ọ ní "ẹ" fún gbogbo ayé. Bó bá pe àbúrò rẹ̀ ní "ẹ", ẹ̀rín lásán ni. Bó bá pe ọlọ́pàá ní "o", ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rín. Ìyàtọ̀ láàárín wọn ṣì lè dé lẹ́yìn ọ̀la.

Yorùbá ṣe ọmọ yìí lóore níbòmíràn, oore ńlá sì ni, tí a kì í sábà rántí. Èdè tó kún fún ọ̀rọ̀ tó ti wà nílẹ̀ lódindi ni. "Ẹ kú iṣẹ́." "Ẹ kú ọjà." "Ẹ kú ìjókòó." "Ẹ kú ewu." Kò sẹ́ni tó ń ṣẹ̀dá wọn lọ́tun, ẹni tó bá sọ ọ́ bí gbogbo èèyàn ṣe ń sọ ọ́ ni ọmọlúàbí. Ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ fẹ́ràn gbólóhùn tó pé, tí kì í yí padà, lè mọ ìkíni ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Kódà bó bá wí "Ẹ káàárọ̀" tẹ̀lé ẹni tó kí i, ó ti dáhùn dáadáa. Mo rò pé ibí yìí ló yẹ kí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́, torí níbẹ̀ ni wọ́n ti máa rí i pé ọ̀rọ̀ tí àwọn sọ lè mú kí ẹlòmíràn tújú ká. Ẹ so ìkíni mọ́ ibi tí yóò ti lò ó: "Ẹ kú ọjà" ní ìsọ̀ ẹlẹ́pà, "Ẹ kú iṣẹ́" lọ́dọ̀ télọ̀. Ẹ mú un lọ ra búrẹ́dì ní ṣọ́ọ̀bù kan náà, lákòókò kan náà, pẹ̀lú owó tó ṣe déédéé lọ́wọ́, kí ọ̀rọ̀ ṣéńjì má tíì wọ̀ ọ́. "Ẹ kú ọjà, mà. Ẹ fún mi ní búrẹ́dì kan. Ẹ ṣé." Gbólóhùn mẹ́ta péré. Ìyá onísọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, kó lè mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ dúró díẹ̀, kí òun má gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀ sọ.

Dídúró yẹn ló ń ṣòro fún wa jù. A máa ń béèrè, a ò ní mí, a ó tún béèrè, a ó tún pariwo rẹ̀, nígbà tí ọmọ bá fi rí ọ̀nà dáhùn ìkíní, ìkẹta ti bò ó mọ́lẹ̀. Martin McMorrow àti Richard Foxx kọ ní 1986 nípa ọkùnrin kan tó ní ọ́tísímù, àgbàlagbà, tó ń wí gbogbo ìbéèrè tẹ̀lé wọn. Wọ́n kọ́ ọ pé bí wọ́n bá gbé ọwọ́ tàbí ìka sókè, kó dákẹ́. Wọ́n á béèrè, wọ́n á dákẹ́ díẹ̀, wọ́n á wá fi ìka náà tọ́ka sí ohun tí ìdáhùn rẹ̀ wà níbẹ̀, ìyẹn àwòrán tàbí nǹkan gan-an. Nígbà tó yá, wọ́n mú ìka kúrò, ó sì ń dáhùn. Ẹni tó ti dàgbà ni, kì í ṣe ọmọ ọlọ́dún mẹ́ta, ìdí nìyẹn tí mo fi mẹ́nu bà á. Ọ̀pọ̀ ìyá ni wọ́n ti sọ fún pé bí ọmọ bá ti kọjá ọdún méje láìsọ̀rọ̀ dáadáa, ó parí. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Láti mọ iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ kan ń ṣe, ìwé àjákọ olówó pọ́ọ́kú tó fún un. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ tó wí sílẹ̀, ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kété ṣáájú, ẹ kọ ohun tí àwọn èèyàn ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá fi máa pé, ẹ ó ti máa rí ojú ọ̀nà. Ìpolówó indomie tó ń wí lójúmọ́ lè máa jáde kìkì nígbà tí ebi bá ń pa á. Àdúrà tó gbọ́ lórí rédíò lè jẹ́ pé ìgbà tí jẹnẹrétọ̀ ilé kejì bá bẹ̀rẹ̀ sí í dún ló máa ń bọ́ sí i lẹ́nu, ẹ̀rù ló ń bà á. Ṣáṣá kì í ṣe ibi tó dákẹ́: ìpè àdúrà, lúùdùspíkà ṣọ́ọ̀ṣì, fèrè ọkọ̀, kẹ̀kẹ́ Màrúwá, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Fún ọmọ tí etí rẹ̀ ń gba ariwo ju tiwa lọ, ọ̀rọ̀ tó ń wí lé lórí lè jẹ́ ògiri tó ń mọ dí ariwo. Nírú ipò bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ló yẹ kí ẹ yọ kúrò. Ẹ wá yàrá tó dákẹ́ díẹ̀ fún un, tàbí nǹkan tó lè fi bo etí.

Àwítúnwí tí kò ní iṣẹ́ kankan fún ẹlòmíràn náà wà. Ọmọ á jókòó, á máa ka eré Nollywood kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ohùn àgbà, ohùn ìyàwó, ohùn ajá. Ayọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó ń kọrin nígbà tó bá ń wẹ̀, ta ló ń lé e? Ọ̀dọ́langba lè mọ̀ pé ibi kan wà fún un, pé nínú yàrá òun lòun ti lè ka eré òun tán, pé a kì í kà á nínú mọ́ṣáláṣí tàbí nígbà tí pásítọ̀ bá ń wàásù. Ìyẹn yàtọ̀ sí pé kó má kà á mọ́ láyé.

Ìbéèrè àbítúnbí ló ń dá ọ̀pọ̀ ilé lágara jù, ó sì wọ́pọ̀ lára àwọn tó mọ̀rọ̀ọ́ sọ. "Ìgbà wo ni Dádì máa dé? Ìgbà wo ni Dádì máa dé?" Ẹ ti dáhùn lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Kì í ṣe pé ó gbàgbé èsì yín. Ọkàn rẹ̀ ni kò balẹ̀, ìdáhùn yín ló ń fi mú un rọlẹ̀, ìrọra ọ̀hún kì í sì í pẹ́. Ẹ dáhùn lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ kọ èsì náà sí pépà ńlá, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri: Dádì, aago méje. Bó bá tún béèrè, ẹ má tún un sọ; ẹ nawọ́ sí ògiri, ẹ ní, "Kí la kọ síbẹ̀?" Òun fúnra rẹ̀ ló máa kà á. Ẹni tí kò mọ̀wé, ẹ ya aago àti àwòrán bàbá fún un. Ti iná NEPA ló le, nítorí kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí wọ́n máa mú un wá. Ẹ kọ òtítọ́ síbẹ̀: a ò tíì mọ̀; bí iná bá dé, a ó gbọ́ ariwo àdúgbò. Ẹ má ṣèlérí aago mẹ́fà láti fi tù ú nínú. Bí aago mẹ́fà bá lù tí iná ò dé, ìbéèrè náà á di ìlọ́po mẹ́ta.

Ìgbátí, ata lẹ́nu, ìdè, omi ìtúsílẹ̀, gbígbààwẹ̀ fún ọmọ tí kò mọ ìdí tí wọn ò fi fún un lóúnjẹ: kò sí èyí tó ń kọ́ ọmọ lọ́rọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà fún ọmọ rẹ̀, kó gbà á. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ẹ̀mí òkùnkùn ló ń gba ẹnu ọmọ sọ̀rọ̀, ẹ tún lọ ka ìwé àjákọ yín, ẹ ó rí i pé kọ̀ńdọ́ ni.

Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀. Ní 1985, Andy Bondy àti Lori Frost bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà kan ní ìpínlẹ̀ Delaware ní Amẹ́ríkà, tí ọmọ á fi àwòrán ohun tó fẹ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ kó tó gba nǹkan náà. PECS ni wọ́n ń pè é. Àwòrán tí èèyàn fi fóònù yà, tó tẹ̀ ní ilé ìtẹ̀wé ìgboro, tó fi láílọ́ọ̀nù bò, ń ṣe iṣẹ́ kan náà: ẹ̀bà, omi tútù, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, "ó ń dùn mí", "ẹ jẹ́ ká máa lọ". Ìbẹ̀rù àwọn òbí ni pé bí ọmọ bá ti ní àwòrán, á kọ̀ láti sọ̀rọ̀ mọ́. Ohun tí ìwádìí fi hàn ni pé kì í dí ọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ó tilẹ̀ ń ran àwọn kan lọ́wọ́ láti sọ ọ́. Àwọn ọ̀dọ́ kan wà pẹ̀lú tó jẹ́ pé ohun tí wọn ò lè fẹnu sọ, wọ́n lè tẹ̀ ẹ́ lórí WhatsApp. Ẹ má fojú di èyí. Bó bá jẹ́ pé láti yàrá kejì ló ti tẹ "orí ń fọ́ mi" sí ìyá rẹ̀, ó ti sọ̀rọ̀.

Wọ́n á sọ fún yín nílé ìwé pé kí ẹ yọ Yorùbá kúrò, kí ẹ máa sọ Gẹ̀ẹ́sì nìkan sí ọmọ náà, pé èdè méjì ló ń dà á láàmú. Mo ti gbọ́ èyí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi fẹ́ tẹnu mọ́ ọn: Catherine Hambly àti Eric Fombonne wo àwọn ọmọ tó ní ọ́tísímù ní Kánádà, àwọn tó ń gbọ́ èdè kan nílé àti àwọn tó ń gbọ́ méjì. Àbọ̀ wọn ní 2012 ni pé gbígbọ́ èdè méjì kò tún dá ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ náà padà sẹ́yìn. Ilé tí ìyá àgbà ti ń sọ Yorùbá, tí àwọn ọmọ ìta ń sọ ọ́, tí onísọ̀ ń sọ ọ́, bí ẹ bá mú un kúrò lẹ́nu ọmọ, ẹ ti dín iye èèyàn tó lè bá sọ̀rọ̀ kù. Gẹ̀ẹ́sì tí kò dán lẹ́nu òbí náà kì í ṣe ẹ̀bùn fún un. Ẹ sọ èdè tí ọkàn yín fi ń rẹ́rìn-ín sí i.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní 2021, nínú èèyàn 127, ó tó ẹnì kan tó ní ọ́tísímù. Ìkànìyàn 2006 ka 1,277,714 èèyàn sí ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, níbi tí Ṣáṣá wà. Bí ìṣirò yẹn bá bá ibí mu, ó lé ní 10,000 láàárín Ẹgbẹ́dá, Ìkòtún, Ìgàndò àti Ṣáṣá, kó tó di pé a fi àwọn tó ti kó wá láti ìgbà náà kún un. Tẹ́rápísìtì ọ̀rọ̀ sísọ ò tó nǹkan lórílẹ̀-èdè yìí, owó wọn sì ń wọ́n. Ibi tí mo máa ní kí òbí tó wà ní Ṣáṣá kọ́kọ́ lọ ni ibi tí wọ́n ti lè yẹ etí ọmọ wò, bóyá ilé ìwòsàn LASUTH ní Ìkẹjà, nítorí ọmọ tí kò gbọ́ràn dáadáa lè dà bí ẹni tó ní ọ́tísímù, ó sì lè ní méjèèjì. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Yábàá ní ẹ̀ka fún àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ ní Òṣòdì. Láti 2006 ni Patrick Speech and Languages Centre, tí Dotun Akande dá sílẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n sọ fún un pé ọmọ tirẹ̀ ní ọ́tísímù, ti wà ní Ìkẹjà. Bí owó bá fi jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lóṣù lẹ lè rí tẹ́rápísìtì, ẹ má jókòó sí kọ̀rídọ̀. Ẹ wọlé, ẹ wo ohun tó ń ṣe, ẹ bi í pé kí la máa ṣe nílé títí oṣù tó ń bọ̀. Ìyá, bàbá àti ẹ̀gbọ́n ni iṣẹ́ náà máa já lé léjìká láàárín oṣù náà.

Ó ku títì. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ga, tó ń dá nìkan rìn lálẹ́, ọlọ́pàá tàbí àwọn fijilanté dá a dúró. "Kí lorúkọ ẹ?" "Kí lorúkọ ẹ?" "Ṣé mo jọ ẹlẹgbẹ́ ẹ ni?" "Ṣé mo jọ ẹlẹgbẹ́ ẹ ni?" Ẹ mọ ibi tí irú ọ̀rọ̀ yẹn máa ń já sí lÉkòó. Òfin wà: Èkó ṣe òfin tó dáàbò bo àwọn aláàbọ̀ ara ní 2011, òun náà ló dá LASODA, ọ́fíìsì tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ wọn, sílẹ̀; ti ìjọba àpapọ̀ gba ìbuwọ́lù ààrẹ ní January 2019. Àmọ́ òfin kì í dúró ní jọ́ńṣọ̀n láago mẹ́sàn-án alẹ́. Èyí ni ẹ̀kọ́ tí kò gbọ́dọ̀ dúró de ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ á já gaara. Kó mọ orúkọ rẹ̀ sọ sí ìbéèrè yẹn, àti àwọn oríṣi mìíràn tí wọ́n ń gbà bi í: "Ta ni ẹ́?", "What is your name?", "Wetin be your name?" Kó lè fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì hàn. Kó ní káàdì kan lọ́rùn, tó hàn sójú láìjẹ́ pé ó ń ki ọwọ́ bọ àpò, tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí, nọ́ńbà òbí rẹ̀, àti pé ó ní ọ́tísímù, ó lè máa wí ọ̀rọ̀ yín tẹ̀lé yín, kì í ṣe àrífín. Ẹ fi ṣeré nílé, kí bàbá ṣe ọlọ́pàá, kí ẹ̀gbọ́n ṣe é, kí ohùn wọn yàtọ̀ síra, kí ẹnì kan tan tọ́ọ̀ṣì sí i lójú díẹ̀. Lẹ́yìn náà kí òbí mú ọmọ lọ́sàn-án gangan lọ kí alága àdúgbò, àwọn olóde tó ń ṣọ́ géètì, àwọn ọlọ́kadà tó wà ní páàkì, àti DPO àgọ́ ọlọ́pàá tó wà nítòsí. "Ẹ kú iṣẹ́, sà," ni ọmọ á kọ́kọ́ sọ, kí òbí tó ṣàlàyé èyí tó kù.